Fòníkú-fọ̀ladìde: Ẹ Yé Pè É Ní Àbíkú, Ẹ Yé Dá Ìyá Ọmọ Lẹ́jọ́

  

Ní ìpàdé wa kan, bí a ti ń sọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ àti gbèsè àwọn oníbàárà lọ́wọ́, obìnrin kan dìde láàárín wa. Ó ní kí ẹgbẹ́ má bínú pé òun kò dá àjọ fún oṣù méjì, ọmọ òun ló tún gbé òun wọ ọsibítù. Àwọn kan mi orí, wọ́n káàánú rẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ tí àwọn méjì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mi pé, "Ọmọ yẹn náà ṣáá! Ṣé kì í ṣe àbíkú ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ohun tí ẹ ń kà yìí. Nígbà tí ìpàdé tú, mo tọ obìnrin náà lọ ní ìdí gààrí rẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí fún mi, ó sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ẹlòmíràn lè fi gbọ́n, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Nítorí náà, Ìyá Gààrí la ó máa pè é.

OHUN TÍ OJÚ ÌYÁ GÀÀRÍ RÍ

Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ obìnrin, kò fi àìsàn kankan yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìkejì, ọkùnrin, sanra dáadáa títí ó fi tó oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, òru ọjọ́ kan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n ní atẹ́gùn ló kó sí i. Ó lọ, ó tún padà wá. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí apá òsì ikùn rẹ̀ wú lójijì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti dákẹ́.

Ọmọ kẹta tún jẹ́ ọkùnrin. Nígbà tí ọwọ́ òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹnu gbogbo ilé kò sí ọ̀nà kan náà pé àbíkú ni, èyí tó lọ ló padà dé. Ìyá ọkọ ní ìran tàwọn kò bí irú rẹ̀ rí, kí ìyàwó lọ wádìí ilé bàbá rẹ̀ wò. Wọ́n gbé ọmọ dé ibí, wọ́n gbé e dé ọ̀hún. Níbi tí wọ́n ti ní kó mú ewúrẹ́ wá, ó mú un wá. Níbi tí wọ́n ti ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó gbà á. Àpò gààrí mẹ́wàá tí ó fi ń ṣòwò tẹ́lẹ̀ di mẹ́ta, ó sì di pé gbèsè ló fi ń jẹun.

Oníbàárà rẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Gààrí, ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí wò?" Wọ́n lọ sí Òṣogbo. Èsì àyẹ̀wò jáde: SS ni ọmọ. Wọ́n yẹ ìyá wò: AS. Wọ́n yẹ bàbá wò: AS.

Ó wí fún mi pé, "Mo ti pàdánù owó, mo ti pàdánù ọmọ, ọdún mẹ́ta ni èmi àti ìyá ọkọ mi kò fi kí ara wa dáadáa. Ìwé kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló wá tú gbogbo rẹ̀."

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ GAN-AN?

Orúkọ tí àwa Yorùbá fún un ṣe é dáadáa. Ẹni tó ní in á wà nílẹ̀ lónìí bí ẹni tí kò ní í rí ọ̀la. Tó bá di ọ̀la, ẹ ó rí i tí yóò dìde tí yóò máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó fòní kú, ó fọ̀la dìde. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé irọ́ ló ń pa tàbí pé kì í ṣe ojú lásán.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn hóró pupa kéékèèké ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú káàkiri ara. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa, àwọn hóró yìí rí rògbòdò bí àkàrà, wọ́n sì rọ̀, wọ́n lè gba ọ̀nà tóóró kọjá. Lára ẹni tó jẹ́ SS, bí òùngbẹ bá gbẹ ara, tàbí tí òtútù mú un, tàbí tí ibà wọlé, àwọn hóró wọ̀nyí á ká kò bí dòjé, wọ́n á sì le. Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà ọjà lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dábùú ọ̀nà: èrò kò lè wọlé, ẹrù kò lè jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dí nínú iṣan. Ibi tí kò bá dé ni yóò máa ro ni goorogo. Ìrora inú egungun tí ọmọ fi ń ké nìyẹn.

Ohun kejì ni pé hóró ẹ̀jẹ̀ tó dáa a máa lo bí 120 ọjọ́ kó tó kú kí tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ká bíi dòjé kì í sábà lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ara kò lè ṣe tuntun yá tó bí ti àtijọ́ ṣe ń kú. Ìyẹn ló fà á tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS fi máa ń kéré, tí ojú rẹ̀ fi ń pọ́n.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ọmọ Ìyá Gààrí fi sanra fún oṣù mẹ́jọ kí àìsàn tó dé? Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń bá wáyé láti inú ìyá yàtọ̀ sí èyí tí yóò máa lò tó bá dàgbà. Ti inú oyún yẹn kì í ká. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni ó máa ń dín kù tí ti àgbà á sì gba ipò rẹ̀. Nígbà náà ni wíwú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, òun ló sì sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Ìyá tó bá rí i lára ọmọ rẹ̀, kó má fi òrí pa á kó sì lọ jókòó. Kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ní ọdún 1910 ni dókítà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, James Herrick, kọ̀wé nípa àwọn hóró tó rí bíi dòjé yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Walter Clement Noel, ọmọ dúdú láti erékùṣù Grenada, tó wá kọ́ iṣẹ́ eyín níbẹ̀. Àmọ́ àrùn náà ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo àwọn orúkọ tí àwọn baba wa ń sọ ọmọ: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ayé àtijọ́ ni fòníkú-fọ̀ladìde o, nítorí ibà pa ọmọ, èéyi pa ọmọ, ìwọ́bí tí kò mọ́ tónítóní náà pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń bí ọmọ mẹ́ta mẹ́rin tí àìsàn kan náà ń mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ kan tó ń lọ tó ń bọ̀.

BÍ Ó ṢE Ń WỌ ARA ỌMỌ

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe é, nítorí àwa la ni ọjà.

Ká ní olúkúlùkù èèyàn ló ní hóró ẹ̀wà méjì nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí. Bàbá rẹ̀ fún un ní ọ̀kan, ìyá rẹ̀ fún un ní ọ̀kan. Ẹ̀wà funfun ni ti ẹ̀jẹ̀ tó dáa, òun ni àwọn dókítà ń kọ ní A. Ẹ̀wà pupa ni ti ẹ̀jẹ̀ tó ń ká, òun ni wọ́n ń kọ ní S. Ẹni tó ní funfun méjì, AA ni. Ẹni tó ní funfun kan àti pupa kan, AS ni. Ara rẹ̀ dá, ó lè gbé ẹrù, ó lè darúgbó, kò ní mọ̀ pé pupa wà lọ́wọ́ òun àfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ní pupa méjì, SS ni. Òun ni àìsàn ń bá jà.

Tí tọkọtaya bá fẹ́ bímọ, oníkálùkù á dijú, á mú hóró kan nínú méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e fún ọmọ. Tí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Funfun lè bá funfun pàdé, ọmọ á jẹ́ AA. Funfun bàbá lè bá pupa ìyá pàdé, tàbí kí pupa bàbá bá funfun ìyá pàdé, ọmọ á jẹ́ AS. Pupa lè bá pupa pàdé, ọmọ á jẹ́ SS. Ọ̀kan nínú mẹ́rin nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà rèé. A máa ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "A ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù á dáa." Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìbò tirẹ̀. Ẹ̀wà tí a mú ní àná, a ti dá a padà sínú igbá. Tí oyún mìíràn bá dé, a ó tún dijú mú. Ẹnìkan lè bí mẹ́rin kí ọ̀kankan má jẹ́ SS. Ẹlòmíràn lè bí mẹ́rin kí mẹ́ta jẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ Ìyá Gààrí, méjì léraléra ni.

Tí ẹ bá sì wo ìṣirò yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí bí ìyá nìkan ṣe lè fi SS fún ọmọ. Pupa méjì ni, ọ̀kan ti ilé ìyá wá, ọ̀kan ti ilé bàbá wá. Ìyá ọkọ tó ní kí ìyàwó lọ wádìí ilé bàbá rẹ̀, kó rántí pé pupa tó wà lọ́wọ́ ọmọ tòun, ọwọ́ òun tàbí ọwọ́ ọkọ òun ló ti gbà á.

Ẹ̀yin ará Ifọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ẹ ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ láì mọ̀ pé òun ni. Dúdú ni bàbá, dúdú ni ìyá, wọ́n bí àfín. Ẹni òòṣà là ń pè é, a kì í dá ìyá rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀nà tí àfín gbà wáyé yẹn náà ni SS gbà wáyé: bàbá àti ìyá ní in ní ìkọ̀kọ̀, ọmọ gba méjèèjì pọ̀, ó hàn síta. Bí a kò bá dá ìyá àfín lẹ́jọ́, kí la wá ń dá ìyá SS lẹ́jọ́ fún?

KÍ LÓ DÉ TÓ FI PỌ̀ LỌ́DỌ̀ WA TÓ BẸ́Ẹ̀?

Ẹ̀fọn ló fà á. Ní 1954, Anthony Allison, dókítà kan tó dàgbà ní Kenya, fi hàn pé ibà kì í sábà pa ọmọ tó jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ AA. Níbi tí ibà ti ń pa ọmọdé láti ayébáyé, àwọn AS ló ń ṣẹ́kù láti bímọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà pupa ṣe ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Nítorí náà AS kì í ṣe ègún. Òun ló gba ọ̀pọ̀ lára àwọn baba ńlá wa là.

Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ Nàìjíríà 100, bíi 24 ló jẹ́ AS, àti pé bí 150,000 ọmọ SS là ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní wọn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, Jamaica àti Amẹ́ríkà gbé e dání lọ. Àmọ́ lọ́hùn-ún, ọmọ kò tíì kúrò ní ìkókó tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Brazil fi í sínú ètò ìjọba ní 2001. Ghana, aládùúgbò wa, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kumasi láti 1995. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ títí ọmọ yóò fi kú.

ÀYẸ̀WÒ: ẸNI TÓ BÁ RA ỌJÀ LÁÌ TÚ U WÒ

Kò sí ẹni nínú wa tó máa ra ẹ̀lùbọ́ láì ki ọwọ́ bọ inú àpò. Kí ló wá dé tí a ó fi fa ọmọ fún ọkọ láì mọ ẹ̀jẹ̀ méjèèjì? Ẹ gbọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa.

Èkíní, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, ọ̀tọ̀ ni jẹ́nótáìpù. Ìwé tó sọ pé èèyàn jẹ́ O tàbí A tàbí B, ti ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára ni. Kò sọ nǹkan kan nípa AS àti SS. Ọ̀pọ̀ ló ti rí "A" nínú ìwé yẹn tó sì ń yọ̀ pé AA ni òun.

Èkejì, ẹnì kan kò lè ṣe é fún ẹni méjì. Kí ọkùnrin àti obìnrin jọ lọ, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n jọ gba èsì. Kí wọ́n sì ṣe é ní ibòmíràn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí láàbù a máa ṣe àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ ilé ni àṣìṣe yìí ti dá ìjà sílẹ̀: ọmọ jẹ́ SS, ìwé bàbá ní AA, wọ́n ní ìyàwó ti lọ gboyún níta. Kí wọ́n tó lé obìnrin jáde, kí wọ́n yẹ bàbá wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀kẹta, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí èèyàn lára, kó dúró bí oṣù mẹ́rin kó tó ṣàyẹ̀wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọn yóò máa kà.

Ẹ̀kẹrin, hóró kẹta wà tí wọ́n ń pè ní C, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju àwọn ẹ̀yà yòókù ní Nàìjíríà lọ. AS tó fẹ́ AC lè bí SC, àìsàn ni òun náà. Nítorí náà ẹni tó jẹ́ AS, kó má wò ó pé AS ẹlẹgbẹ́ òun nìkan ni kí òun sá fún. Ẹni tó bá jẹ́ AA lè fẹ́ ẹnikẹ́ni, kò ní bí SS.

TÍ ỌMỌ BÁ TI WÀ NÍLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má sọ̀rètí nù. Alhaja Asiata Onikoyi-Laguda ti Èkó, tí wọ́n bí ní 1925, SS ni wọ́n bí i, ó sì lò ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ láyé. Àwọn SS wà tó jẹ́ dókítà, tó jẹ́ lọ́yà, tó jẹ́ ìyá ọlọ́mọ. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé a kì í rántí ìtọ́jú àfi tí ìrora bá dé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí àjọ. Ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́, kì í dúró di ọjọ́ tí wàhálà dé kó tó wá owó. Ìtọ́jú SS náà, ojoojúmọ́ ni. Ó ń lo oògùn fólíkì ásíìdì kí ara lè máa rí nǹkan ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó ń lo oògùn ìdènà ibà tí dókítà bá fún un, bíi Paludrine, ó sì ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ó ń mu omi púpọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ń wọ aṣọ tó nípọn nígbà ọyẹ́, kì í fi omi tútù wẹ̀. Ó ń gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, pàápàá èyí tó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí a bi dókítà léèrè nípa penicillin tí wọ́n máa ń fún wọn kí kòkòrò má bàa ráàyè. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, ọmọ SS kì í ṣe ẹni tí a ń gbé igbá lé lórí pé kó máa kiri nínú oòrùn láì mumi, kì í sì í ṣe ẹni tí òjò ń pa.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ hydroxyurea. Ó ń dín ìrora náà kù, kì í jẹ́ kó wá lemọ́lemọ́. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fúnni, tó sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí a ti ń lò ó. Ẹni tó lóyún tàbí tó fẹ́ lóyún kò gbọ́dọ̀ lò ó láì bi dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má rà á lọ́wọ́ oníkiri.

Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fọwọ́ tẹ ọlọ inú ọmọ wò. Apá òsì ikùn ló wà, lábẹ́ egungun ìhà. Tó bá wú lójijì tí ọmọ sì funfun, ẹ̀jẹ̀ ti ń dárí gbogbo síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó pa ọmọkùnrin Ìyá Gààrí àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì yẹ kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí a tó gbé e lọ. Àwọn àmì mìíràn tí a kì í dúró fún ni wọ̀nyí: ibà gbígbóná, àyà tó ń dùn tí èémí kò sì já geere, ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí apá kan ara tó rọ, orí fífọ́ tó le. Àwọn ọmọkùnrin ní ọ̀kan tí wọ́n máa ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú: nǹkan ọkùnrin á nà, á sì máa ro wọ́n, kò ní rọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọ́, ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọsibítù ni gbogbo rẹ̀ ń fẹ́, lójú ẹsẹ̀.

Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Ọsibítù ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH. OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀ ní 1994, wọ́n sì ń la àwọn òbí lóye. Ní ìparí 2023, Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tuntun, Casgevy, tó ń tún iṣẹ́ mùdùnmúdùn inú egungun aláìsàn náà fúnra rẹ̀ ṣe. Owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnìkan ní Amẹ́ríkà, kò tíì dé ọwọ́ wa. Fólíkì, omi, nẹ́ẹ̀tì àti ọjọ́ dókítà tí a kò fi ṣeré ló wà lọ́wọ́ wa báyìí.

Ohun kan tún wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ tún gbóná láàárín àwọn ìlú wa, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. Ọjà tì, ọ̀nà dí. N kò ní í sọ ẹni tó jẹ̀bi, kì í ṣe ibí ni a ti ń sọ ọ́. Àmọ́ mo bi Ìyá Gààrí bí ó ṣe ṣe é. Ó ní láti ìgbà tí òun ti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ òun, oògùn oṣù kan kì í wọ́n nínú àpótí òun, bí ó ti wù kí ọjà dá. Ó ní, "Ẹni tó ní SS nílé kì í ra oògùn ní méjì méjì." Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

TI Ẹ̀JẸ̀ RÍRU ÀTI ÀTỌ̀GBẸ

Àwọn kan á ní, "Àwa kò ní SS nílé tiwa." Ó dáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Àwọn yìí náà máa ń rìn nínú ẹbí, àmọ́ kì í ṣe bí SS. SS, tí o bá ti gba pupa méjì, o ti gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ilé lè fún ọ ní ilẹ̀ tí wọ́n ń hù sí, ṣùgbọ́n iyọ̀, ìsanrajù, ọtí, sìgá àti jíjókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ ni òjò tó ń mú wọn hù. Tí ìyá rẹ tàbí bàbá rẹ bá ní in, yẹ ara rẹ wò kí àmì tó yọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ ni lórí kó tó rọ ni lápá rọ ni lẹ́sẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń ka 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ó ti dé nìyẹn. Òùngbẹ tí kò dá, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, egbò ẹsẹ̀ tí kò jinná, àmì àtọ̀gbẹ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni oògùn tiwọn náà. Kì í ṣe kí ara yá lọ́jọ́ mẹ́ta ká gbé oògùn jù sẹ́yìn ìsọ̀.

AṢỌ ẸBÍ ÌYÁ GÀÀRÍ

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dùn mí jù parí rẹ̀.

Àkọ́bí Ìyá Gààrí, obìnrin yẹn tí kò ṣàìsàn, ti dàgbà. AS ni. Ìlobùú ni wọ́n ń gbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ifọ́n ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ dáadáa ni, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó. Inú àwọn ará ilé méjèèjì dùn, pàápàá lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Ọmọkùnrin náà mú ìwé wá pé AA ni òun, wọ́n ti yẹ òun wò nígbà tí òun wà nílé ìwé. Wọ́n mú ọjọ́. Ìyá Gààrí gba aṣọ ẹbí lórí àwìn.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó pe àwọn méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọmọbìnrin bínú, ó ní màmá òun fẹ́ ba ti òun jẹ́. Ọmọkùnrin ló ní, "Màámi, kò burú, a ó lọ." Wọ́n ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Òṣogbo. Ibi méjèèjì ní AS ni ọmọkùnrin náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sunkún. Àwọn kan ní kí wọ́n fẹ́ ara wọn, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọmọbìnrin náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun mọ bí àbúrò òun ṣe ń ké lóru, òun kò lè mọ̀ọ́mọ̀ gbé e fún ọmọ tí òun kò tíì rí. Wọ́n tú u ká. Kò sí ẹni tó bínú sí ẹnì kejì. Títí di òní, tí ọmọkùnrin yẹn bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá, ó ń yà kí Ìyá Gààrí.

Mo bi í pé aṣọ ẹbí ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun gé e tà ní ọ̀pá ọ̀pá, òun sì jẹ gbèsè lórí rẹ̀. Ó ní, "Àmọ́ mo ti sin ọmọ kan rí. Mo mọ èyí tó wọ́n jù nínú méjèèjì."

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ kò mọ Ìlobùú, kò mọ Ifọ́n, kò mọ Mùsùlùmí, kò mọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Kí àwọn ọmọ wa tó sọ̀rọ̀ ìfẹ́ jìnnà, kí aṣọ ẹbí tó wọlé, kí wọ́n ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì ní ọmọ SS nílé láàárín wa, kí a dáwọ́ sísọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn dúró. Tó bá di oṣù tí kò lè dá àjọ, kí a bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí a bá òun gbé.

Ọmọ Ìyá Gààrí ti kúrò ní ọsibítù. Ó ti padà sí ilé ìwé. Ọjà á tà o, a kò ní í fi ọmọ ṣọ̀fọ̀. Àṣẹ.